Òkú Tó Ń Ṣọ́ Ààfin ní Dagenham

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òkú ṣe ń gbé ní London, kó wá bi mí léèrè. Mo ti kú rí. Ikú náà kò pẹ́ púpọ̀, kò sì dí mi lọ́wọ́ iṣẹ́: mo ń jí ní òwúrọ̀, mo ń wọ bọ́ọ̀sì, mo ń gbálẹ̀, mo ń bá àlejò rojọ́, mo sì ń bá ẹni tó ń jẹ́ kí ẹja jóná nínú ilé ìdáná wa jà. Ìlú wa ní Ìjẹ̀bú ni mo ti kú. Ní Dagenham níbí, ara mi le koko.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè yé yín.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, òtútù kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Gbogbo ayé ló ti sọ fún mi nípa òtútù, mo sì ti di ara mi nínú ẹ̀wù bí ẹ̀kọ tí wọ́n fi ewé wé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ènìyàn lè wà láàárín ogunlọ́gọ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí i. Yàrá kan ni mo ń gbé ní Barking, kò jìnnà sí àwókù ilé àwọn obìnrin onísìn ayé àtijọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo kí obìnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa. Ó bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí mò ń kí. Nígbà tí kò rí ẹlòmíràn, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì sáré wọlé. Ní ìlú tiwa, bí o bá kọjá lára àgbà láì kí i, ẹjọ́ rẹ yóò ti dé iwájú màmá rẹ kí ìwọ tó délé. Níbí, kíkí gan-an ni ẹjọ́.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ni ti ilé ìkẹ́rùsí ní Dagenham Dock. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ọwọ́ mi ló ń sọ ibi tí mo máa lọ àti ohun tí mo máa gbé. Láti àárọ̀ títí dalẹ́, ẹ̀rọ yẹn nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀, àṣẹ nìkan ló sì mọ̀ ọ́n pa. Ìgbà kan wà tí mo dá a lóhùn ní Yorùbá pé, "Mo ti gbọ́, ìyá ẹ̀rọ, mò ń bọ̀." Ọkùnrin ará Róméníà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé àpótí rẹ̀, ó sún kúrò lọ́dọ̀ mi.

Bí mo bá pe màmá mi lórí fóònù, ìbéèrè kan ló máa ń kọ́kọ́ bi mí: "Kí lo jẹ?" Tíṣà ni màmá mi kó tó fẹ̀yìntì, gbogbo ìlú ló sì ń pè é ní Tíṣà títí di òní. Bí mo bá ní mo jẹ búrẹ́dì, yóò ní ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ, òun béèrè ohun tí mo jẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bi mí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀ wálé. Èmi náà yóò dáhùn pé ọdún tó ń bọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ìwé ìgbélùú ni kò jẹ́ kí n lè lọ. Nígbà tí ìwé jáde, mo ní ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ di ènìyàn díẹ̀, kí n má baà wálé kí wọ́n ní ṣé ohun tí mo lọ ṣe lọ́hùn-ún nìyí. Ọdún tó ń bọ̀ kò yéé bọ̀.

Ìdánìkanwà yẹn ló gbé mi dé ìjọ Aládùúrà. Ọmọ Áńgílíkà pátápátá ni mí, màmá mi sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Bí òun bá ń sọ̀rọ̀ àwọn Aládùúrà, "àwọn tí kì í wọ bàtà" ló máa ń pè wọ́n, a sì yọ ṣùtì ètè díẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo ń kọjá níwájú ilé kan tí wọ́n ti ń ta táyà tẹ́lẹ̀, mo gbọ́ agogo, mo gbọ́ orin, mo sì gbọ́ òórùn jọ̀lọ́ọ̀fù. Obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ sùtánà funfun yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sister. Ṣé ẹ ti jẹun?" Èmi kò wá àmì mìíràn láti ọ̀run mọ́. Màmá Ìjọ ni obìnrin yẹn, òun náà ló ní kí wọ́n rán sùtánà tèmi pẹ̀lú àmùrè búlúù. N kò sọ fún màmá mi.

Nínú ìjọ yẹn ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ṣí ilé àtijọ́ kan fún àlejò, tí yóò máa gbá a, tí yóò sì máa sọ ìtàn rẹ̀. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí àwọn ará ibẹ̀ kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn ti dé ibi tó dé. Lindà ni ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń rìn kíákíá bí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ wà lórí iná. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó mú mi yí ká.

Ilé olódi kan ló wà níbẹ̀ nígbà kan. Olówó tó ń bá ọba jẹun pọ̀ ló kọ́ ọ, pẹ̀lú ògiri gíga, ilé ìṣọ́ lórí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti yàrà tó yí gbogbo rẹ̀ ká. Lindà mú mi dúró létí yàrà náà, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ kí ọ̀tá má baà wọlé. Mo gbọ́ tiẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Yàrà tó wà lẹ́yìn oko ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú jìn tó bẹ́ẹ̀ tí bí ewúrẹ́ bá já sí i, ẹni tó ni í á ní ewúrẹ́ ẹlòmíràn ni. N kò sọ ọ́, kó má baà dà bí pé mò ń fọ́nnu lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́.

"Ilé olódi náà wá ńkọ́?" ni mo béèrè.

Lindà na ọwọ́ sí pápá koríko kan. Ó ní òun nìyẹn.

Kò sí òkúta kan níbẹ̀. Olówó náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń jà, kò sẹ́ni tó fẹ́ tún òrùlé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò gbé abẹ́ rẹ̀ ṣe. Òjò wọlé. Nígbà tí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, àwọn ará àdúgbò ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé òkúta lọ. Ọ̀kan mú ti ìdí ààrò, ọ̀kan mú ti ilé ẹlẹ́dẹ̀, títí tí ilé olódi fi di ti gbogbo ìlú. Ohun tó ṣẹ́kù ni ilé oníbodè, abà gígùn tí wọ́n ń kó ọkà sí, ilé ẹyẹlé, àti yàrá tí ajẹ́lẹ̀ máa ń jókòó sí láti gba ìṣákọ́lẹ̀. Ilé ọlọ́lá ti wó, ilé àwọn ìránṣẹ́ ló kù. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú, n kò purọ́.

Mo sọ fún Lindà pé ní ọ̀dọ̀ wa, a mọ irú ìjà yẹn dáadáa, ìyẹn ni a fi máa ń kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé, "Ilé yìí kì í ṣe títà." Bí wọ́n bá ti tètè kọ ọ́, ilé olódi náà ìbá wà níbẹ̀ títí di òní, òrùlé nìkan ni kò ní sí. Lindà rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní kí n máa sọ ọ́ fún àwọn àlejò.

Nígbà tí mo pe ilé lọ́jọ́ yẹn, mo ní, "Màámi, ààfin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ta ni ọba ibẹ̀?"

"Kò sí ọba níbẹ̀, mà."

"Ààfin náà ńkọ́?"

"Ó ti wó, mà."

"Ọmọ mi, kí wá ni wọ́n ní kí o máa ṣọ́?"

"Koríko, mà."

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ń bá ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ náà bá mi lára mu. Àwọn àlejò máa ń wá láti wo ilé olódi, bí mo bá sì na ọwọ́ sí koríko, ojú wọn a fà ro. Èmi náà wá dá ọgbọ́n kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn rìn nínú ilé tí kò sí. Mo ní, "Ẹ rọra tẹ ibí yìí, yàrá ìyàwó olúwa ilé ni, kò fẹ́ ariwo." Àwọn àgbàlagbà òyìnbó tó gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ dání a wá máa yọ́ rìn lórí koríko. Mo ní kí wọ́n tẹ orí ba nítorí ẹnu ọ̀nà kò ga, wọ́n a sì tẹ orí ba. Inú mi máa ń dùn débi pé bí mo bá délé, n kì í rántí pé èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.

Bí mo ṣe wá kú nìyí.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, nígbà tí igi ti ń wọ́wé, tí kùrukùru sì máa ń ti inú yàrà gòkè wá bo gbogbo pápá náà. Lindà ló yẹ kó ṣílé lọ́jọ́ náà. Bí a ṣe ń parí ìsìn òwúrọ̀ ni ó pè mí: ọkọ̀ rẹ̀ ti kọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn àlejò sì ti dúró sẹ́nu géètì, kọ́kọ́rọ́ kejì sì wà lọ́wọ́ mi. Arákùnrin kan nínú ìjọ fi ọkọ̀ rẹ̀ sáré gbé mi lọ. Ìgbà tí ó já mi sílẹ̀ lẹ́yìn abà, tó sì ti lọ, ni mo rí i pé báàgì tí aṣọ àti bàtà mi wà nínú rẹ̀ ti bá a lọ. Sùtánà funfun ló wà lọ́rùn mi. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í wọ bàtà sí i.

Mo ní kò burú, kí n gba orí pápá sáré lọ sí ilé oníbodè, ẹ̀wù iṣẹ́ mi wà níbẹ̀. Mo ká sùtánà sókè díẹ̀, mo fi eré sí i nínú kùrukùru. Ìgbà tí mo dé àárín pápá, níbi tí gbọ̀ngàn olúwa ilé wà tẹ́lẹ̀, ni mo gbọ́ tí obìnrin kan figbe ta ní géètì. Ọkàn mi sọ pé ẹnìkan ti dákú. Kí ni ọmọ Aládùúrà ń ṣe bí ó bá gbọ́ igbe? Mo dúró, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo sì ké, "Jésù! Haleluyà!" ní ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lú gbogbo agbára mi.

Ìyẹn kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Nígbà tí mo fi wọ ẹ̀wù iṣẹ́ àti bàtà rọ́bà, tí mo sì jáde lọ ṣí géètì fún wọn, kò sẹ́ni tó dá mi mọ̀. Wọ́n ń sọ fún mi, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, nípa obìnrin funfun tó ń fò lójú òfuurufú, tó sì fi èdè ìgbàanì kígbe ègún lé wọn lórí. Ẹ dárí jì mí, n kò lè mú un mọ́ra. Mo ní, "Ẹ̀hẹ́n? Ọ̀nà wo ló gbà?" Ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn na ọwọ́ sí abà.

Fọ́tò ọkùnrin yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti wà lórí fóònù gbogbo ayé: kùrukùru, ọwọ́ méjì sókè, aṣọ funfun, kò sì sí ẹsẹ̀ nísàlẹ̀. Àlejò ń rọ́ wá bí omi. Mo sọ òótọ́ fún Lindà. Ó jókòó sórí àga, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó ní ṣé mo lè máa ṣe é ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi?

Màmá Ìjọ náà rí fọ́tò, àmùrè búlúù ló sì fi dá mi mọ̀. Ó pè mí. "Sister, aṣọ ìsìn kì í ṣe aṣọ costume o. Èmi gan-an máa wá síbi iṣẹ́ yẹn one of these Saturdays, kí n fi ojú ara mi rí nǹkan tó ń happen níbẹ̀." Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo Sátidé ni àyà mi ń já.

Ṣùgbọ́n Màmá Ìjọ kéré níbi ọ̀rọ̀ tèmi. Fọ́tò náà ti gba Èkó kọjá, ó ti dé Ìjẹ̀bú, ẹnìkan sì ti fi ohùn rẹ̀ sí i pé, "Ẹ wo òkú obìnrin tó ń rìn ní London o!" Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ló fa fọ́tò náà fẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbà mí! Ọmọ Tíṣà kọ́ nìyí?"

Màmá mi pè mí ní ọ̀sán. Kò bi mí ní ohun tí mo jẹ.

"Níbo lo wà?"

"Ibi iṣẹ́, mà."

"Ẹsẹ̀ rẹ dà?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi. "Ó wà níbí, mà."

"Kò sí nínú fọ́tò."

Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ sùtánà, ọ̀rọ̀ Aládùúrà yóò jáde. Mo wá sọ pé aṣọ iṣẹ́ ni. Màmá mi ní aṣọ iṣẹ́ wo ni wọ́n ń wọ ní funfun báláú, láì wọ bàtà, nínú òtútù? Kò pariwo. Ó bi mí bí ó ti máa ń bi ọmọ kíláàsì rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ló dé tí mo fi ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá? Kí ló dé tí n kì í fẹ́ kí wọ́n rí ojú mi lórí fídíò? Mo fẹ́ sọ fún un pé yàrá mi kéré, mi ò fẹ́ kó rí i, ṣùgbọ́n ó ti gé fóònù.

Àkúdàáyà ni màmá mi pè mí. Tíṣà ni, ó sì gbà gbọ́, nítorí nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ọkọ ọ̀kan nínú wọn kú, wọ́n sin ín, oníṣòwò kan sì rí i ní Ìlọrin tó ń ta aṣọ, tó ti níyàwó mìíràn. Wọ́n ní kí ìyàwó lọ wò ó. Bó ṣe yọ lókèèrè ni ọkùnrin náà ti pòórá. Bí wọ́n ṣe ń dá àkúdàáyà mọ̀ nìyẹn: ó lè bá àjèjì gbé, ó lè ṣòwò, ó lè bímọ, ṣùgbọ́n kò lè dúró de ẹni tó mọ̀ ọ́n láti ilé. Màmá mi wá gbé ìdánwò kalẹ̀. Ó ní kí Bùọ̀dá Ṣẹ́gun lọ wò mí.

Ọmọ ilé tó kọjú sí tiwa ni Bùọ̀dá Ṣẹ́gun, a jọ dàgbà ni. Tírélà ló ń wà ní Dagenham Dock, Dagenham East ló sì ń gbé. A kò rí ara wa mọ́ láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìkẹ́rùsí sílẹ̀, bí ìlú yìí ṣe ń ṣe fún ènìyàn.

Sátidé ló wá. Mo wà ní ilé ẹyẹlé tí mò ń gbálẹ̀ nígbà tí Lindà yọjú, ó ní ẹnìkan láti Nàìjíríà ń béèrè mi ní géètì, ẹni náà ní òun mọ̀ mí dáadáa. Ta ni ọkàn mi máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀? Mo ní Màmá Ìjọ ti dé, tàbí ó ti rán wòlíì ṣáájú. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo gba ẹ̀yìn sá wọ inú abà, mo sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù àtijọ́ kan tí a máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn. Mo gbọ́ tí Lindà ń pè mí káàkiri. Mo gbọ́ tó ń sọ fún àlejò náà pé kò yé òun, ó wà níbí báyìí-báyìí.

Ẹ wò ó, èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ èsì ìdánwò náà fún màmá mi.

Ní alẹ́ yẹn, àbúrò mi obìnrin, Bùkọ́lá, pè mí. Ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ ju bí ó ti máa ń ṣe lọ. "Sister mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Màámi ní kí a má pè yín mọ́. Wọ́n ní bí nǹkan kan bá wà tí a kò ṣe fún yín, kí ẹ sọ, a máa ṣe é. Bùọ̀dá Ṣẹ́gun ní bí ẹ ṣe gbọ́ pé ará ilé dé báyìí, ẹ pòórá."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Èyí tó kù nínú ẹ̀rín náà kò tíì jáde lẹ́nu mi tí Bùkọ́lá fi ké, "Yé! Ó ń rẹ́rìn-ín!" tó sì ju fóònù sílẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá pe ilé, wọn kì í gbé e. Àbúrò bàbá mi kan nìkan ló gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Sùn un re o, ọmọ dáadáa," ó sì gé e. Mo gbọ́ pé àwọn ará àdúgbò ti ń wá bá màmá mi dárò. Mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ akọrin ti wá. Mo gbọ́ pé kò jẹun. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kò jẹ́ kí n lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú pápá koríko náà, mo ń ro ọ̀rọ̀ àkúdàáyà. Ẹnìkan kú níbì kan, ó dìde níbòmíràn, ó gba iṣẹ́ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó bá àwọn tí kò mọ bàbá rẹ̀ gbé, ó sì ń bẹ̀rù kí ará ilé má rí bí òun ṣe ń gbé. Ẹ sọ fún mi, nínú gbogbo àwa tí a wà ní Barking àti Dagenham, ta ni èyí kò bá wí? Màmá mi kò gba ìdáhùn náà gbọ́ láìnídìí. Ìṣirò rẹ̀ pé, àròpọ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣì.

Mo dìde, mo lọ sí Dagenham East.

Bùọ̀dá Ṣẹ́gun wo mí láti ojú fèrèsé kó tó ṣílẹ̀kùn, ìbú ọwọ́ kan péré ló sì ṣí i. Ìgò òróró ìyàsímímọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ Tíṣà, please, má bínú o. Just dúró síbẹ̀ first. Bọ́ bàtà ẹ."

"Bùọ̀dá, òjò ń rọ̀."

"I know. Bọ́ ọ. Kí n rí i kó kan ilẹ̀."

Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹ omi tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ pọ̀ọ̀. Obìnrin òyìnbó kan tó ń mú ajá kọjá dúró láti wò wá. Bùọ̀dá Ṣẹ́gun bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi, ó sì sáré fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ó tutù!"

"Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Mo ní òjò ń rọ̀!"

Bí mo ṣe fi ìbínú pariwo mọ́ ọn ló jẹ́ kó ṣílẹ̀kùn. Ó gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí síwájú mi, ó gbé fóònù tì mí, ó pe màmá mi ní fídíò. Ó fi ara rẹ̀ sáàárín èmi àti ẹnu ọ̀nà, ká ní mo tún fẹ́ pòórá.

"Màmá, ó wà níwájú mi. Ó ń jẹun."

N kò rí màmá mi, àjà ilé wa nìkan ni mò ń rí. Ohùn rẹ̀ ti há. "Báwo ló ṣe ń jẹ ẹ́?"

"Ó ti jẹ ẹ̀bà yẹn tán, mà. Finish. Ó ń béèrè bóyá ẹran ṣì wà."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. "Òun ni," ni màmá mi wí. "Fún un ní ẹran."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà: kùrukùru, báàgì tó bá ọkọ̀ lọ, igbe, Haleluyà mẹ́ta, abẹ́ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo dé orí sùtánà, mo sọ ọ́ pẹ̀lú ojú dídì. Màmá mi ń ṣe bí ẹni tó ń rò ó bóyá ikú kò ní sàn ju Aládùúrà lọ. Bùọ̀dá Ṣẹ́gun ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi náà ń dúró de ẹ̀rín màmá mi.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù wá síwájú ojú rẹ̀, mo sì rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́. Irun rẹ̀ ti funfun tán. N kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

"Mo fẹ́ kí o mọ nǹkan kan," ló wí. "Nígbà tí wọ́n ní o ti kú, mo sunkún. Ṣùgbọ́n ọkàn kan nínú mi rọlẹ̀. Mo ní, ìyẹn náà ni kò jẹ́ kó wálé. Òkú kì í lè wálé, kì í ṣe pé kò fẹ́. Ní báyìí tó o wà láàyè, tó ò ń jẹ ẹ̀bà, kí ni kí n máa sọ fún ara mi?"

Gbogbo ẹnu tí mo ní, tí mo fi ń mú àgbàlagbà rìn nínú ilé tí kò sí, n kò rí ọ̀rọ̀ kan mú nínú rẹ̀. Mo kàn ń sunkún lórí àwo Bùọ̀dá Ṣẹ́gun, òun náà sì ń wo ògiri.

Nígbà tí ohùn mi padà, mo ní, "Màámi, mò ń bọ̀ ní Kérésì."

"Kérésì wo?"

"Kérésì tó ń bọ̀ yìí, mà. Ọ̀la ni mo máa gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi."

Ó wò mí dáadáa, bí ó ti máa ń wo ọmọ tó ní ajá ti jẹ iṣẹ́ àmúrelé òun. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí gèlè. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó sì na ìka sí mi láti Ìjẹ̀bú.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n má wọ funfun wá o. Gbogbo àdúgbò ló ti bá mi sunkún tán, n kò fẹ́ kí wọ́n tún bá mi sáré."